Àhunpọ̀ Ìtàn àti Ìṣeré nínú Fíìmù Just Mercy

Fíìmù Just Mercy, tí Destin Daniel Cretton darí ní ọdún 2019, kò fi ibi tí ó ń lọ pamọ́ fún òǹwòran. Bí àwọn ọlọ́pàá ti dá Walter McMillian dúró lójú ọ̀nà, tí Bryan Stevenson, ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò, sì dé Alabama láti gba ẹjọ́ àwọn tí a ti dá ikú fún rò, ẹni tí ó bá ti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti mọ èyí tí ó kù. Ẹlẹ́rìí èké yóò jẹ́wọ́, adájọ́ yóò kọ̀ láti gbọ́, ìdílé yóò sunkún, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n yóò sì ṣí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí.

Èyí nìkan kò tó láti dá fíìmù náà lẹ́bi. Ta ni kò mọ̀ pé Ìjàpá ni yóò tẹ́ nígbẹ̀yìn àlọ́? Ẹnu apàlọ́ ni àwọn ọmọdé ń wò. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ni. Ní 1986 ni wọ́n pa ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan ní Monroeville. McMillian, adúláwọ̀ tí ń gégi tà, wà nílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń din ẹja tà fún owó ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tó o. Síbẹ̀, ọgbà àwọn tí ń retí ikú ni wọ́n tì í mọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní 1988, àwọn ará ìlú tí wọ́n bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ ní kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n gbére. Adájọ́ yí i sí ikú. Títí di 2017 ni òfin Alabama fàyè gba irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Ní 1993 ni wọ́n tó tú McMillian sílẹ̀. (Monroeville yìí náà ni ìlú Harper Lee, ẹni tí ó kọ To Kill a Mockingbird ní 1960. Nínú fíìmù, agbẹjọ́rò ìjọba ń rọ Stevenson pé kí ó lọ wo ilé ìrántí ìwé náà, ojú kò sì tì í.)

Ìṣeré ni ó gbé fíìmù náà ró. Jamie Foxx kò pariwo nínú ipò McMillian. Ní ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú agbẹjọ́rò, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ti sin ìrètí tí kò sì fẹ́ kí a hú u. Tim Blake Nelson, tí ó ṣe Ralph Myers ẹlẹ́rìí èké, mú kí àánú òpùrọ́ náà ṣe òǹwòran. Michael B. Jordan ni ipò rẹ̀ kò ṣe dáadáa sí: ìfìwàwẹ̀dá Stevenson kò ní àléébù kankan, òṣèré náà kò sì rí nǹkan kan bá jìjàkadì.

Ṣùgbọ́n Rob Morgan ni ó ṣe ohun tí àhunpọ̀ ìtàn kò lè ṣe. Herbert Richardson tí ó ṣe jẹ́ ológun tí ó ja ogun Vietnam. Bọ́ǹbù rẹ̀ pa ọmọbìnrin kan, kò sì sẹ́. Ẹ̀bẹ̀ Stevenson fún un já sí asán, wọ́n sì pa á lórí àga oníná. Bí ó ti ń gbọ̀n nínú yàrá rẹ̀, ohùn McMillian la ògiri kọjá wá, ó ń ní kí ó pajú dé, kí ó mí, kí ó ronú nípa igi ahóyaya. Wọn kò rí ara wọn. Níhìn-ín ni òǹwòran kò ti mọ ohun tí ó yẹ kí òun máa fẹ́, nítorí kò sí àìmọwọ́mẹsẹ̀ tí ó lè fara tì.

Lẹ́yìn èyí ni fíìmù náà sá. Ayọ̀ òpin rẹ̀ dúró lórí pé McMillian kò ṣe é. Ìbéèrè Richardson, bóyá ẹni tí ó ṣẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ sí àánú, ni wọ́n gbà láti gbàgbé. Ọ̀ràn àkókò náà tún wà níbẹ̀. Anthony Ray Hinton, aládùúgbò wọn nínú ọgbà náà, kò jáde títí di 2015, lẹ́yìn nǹkan bí 30 ọdún. Ìgbà gígùn náà kò bá ọ̀nà tí ìtàn náà là sílẹ̀ mu, ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ lójú sinimá ni wọ́n sì fi parí rẹ̀.