Kí Orin Tó Bẹ̀rẹ̀: Ìmúrasílẹ̀ fún Yíya Àwòrán Kíláàsì Ìdárayá Nínú Gbọ̀ngàn

Nínú àṣà fọ́tò yíyà nílẹ̀ Yorùbá, ayàwòrán ló láṣẹ láti mú kí ẹni tó fẹ́ yà dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí fọ́tò àwọn Yorùbá nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lọ́dún 1978, ó ṣàlàyé irú àwòrán kan tó gbilẹ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà, níbi tí ẹni tí wọ́n ń yà ti jókòó, tó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, tó wọ aṣọ iyì, tó sì gbé ọwọ́ lé itan. Ayàwòrán irú àwòrán bẹ́ẹ̀ a máa rí àyè tún fìlà ṣe, a sì máa rí àyè sún àga síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó tẹ kámẹ́rà. Kíláàsì ìdárayá, ìyẹn àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn péjọ sínú gbọ̀ngàn kan láti fò, láti jó, tàbí láti ju ẹ̀ṣẹ́ sí afẹ́fẹ́ bí olùkọ́ àti orin bá ṣe ń darí wọn, kò fún ayàwòrán ní àṣẹ yẹn rárá, nítorí kò sẹ́ni tí yóò dúró dè é. Gbogbo ohun tí ì bá tún ṣe lójú ẹsẹ̀ ní ilé fọ́tò, ó di dandan kó ti tún un ṣe kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí lámèyítọ́ ti wo ọgbọ́n rẹ̀.

Òtítọ́ yìí ti hàn tipẹ́. Nígbà tí Eadweard Muybridge ya ẹṣin tó ń sáré ní Palo Alto, ní ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1878, ó to kámẹ́rà sójú ìlà kan, ó na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ojú ọ̀nà, ẹṣin fúnra rẹ̀ ni ó sì ń já okùn náà tí kámẹ́rà fi ń yà á. Ohun tó dúró fún okùn yẹn nínú kíláàsì ìdárayá ni kíka orin. Orin tí àwọn olùkọ́ ẹ̀róbíìkì ń lò sábà máa ń tò ní ìlù mẹ́jọ-mẹ́jọ, ọ̀wọ́ mẹ́rin irú rẹ̀ a sì di ìlù 32, èyí tí olùkọ́ máa ń fi pààrọ̀ ìgbésẹ̀. Bí ìlù bá ń dún nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlù 32 gba ìṣẹ́jú àáyá 16. Ayàwòrán tó ti jókòó wo kíláàsì náà ṣáájú láìgbé kámẹ́rà dání, tó sì ń kà á sínú bí wọ́n ti ń ṣe é, yóò mọ ìlù tí fífò máa ń bọ́ sí, yóò sì tẹ kámẹ́rà lórí ìlù náà gan-an. Ẹni tí kò wá wò ṣáájú, ohun tó ti kọjá ni yóò máa lé kiri.

Bí ayàwòrán ṣe mọ ìlù tó ni yóò sọ bí yóò ṣe lo ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí, tó sì ń padé, láti gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹ̀ṣẹ́ tó ń lọ ní ìwọ̀n mítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti rìn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ lọ bí ṣọ́tà bá ṣí fún ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì fà bí èéfín nínú àwòrán. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú 500, sẹ̀ǹtímítà kan péré ni yóò rìn, oríkèé ìka yóò sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n ẹni tó fò sókè máa ń dé ibi kan tí kò ti lọ sókè mọ́, tí kò sì tíì máa bọ̀ nílẹ̀, ara rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró níbẹ̀, débi pé ìdá kan nínú 125 tó láti mú ojú àti àyà rẹ̀. Ẹni tó mọ ìlù ibẹ̀ yóò gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin, yóò sì lè sọ ISO, nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó gbà, kalẹ̀ láti 3200 sí 800, kí èérún wínníwínní má baà bo àwọ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ìfà kọ́ ló burú o: apá tó fà díẹ̀ lára ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere a máa fi hàn pé eré wà lára onítọ̀hún. Ohun tó burú ni ìfà tí ayàwòrán kò yàn fúnra rẹ̀.

Iná gbọ̀ngàn ni ọ̀tá tí ojú kì í rí. Iná mànàmáná Nàìjíríà jẹ́ ti 50 Hz, ìyẹn yíyí 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná a sì máa mọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé gílóòbù fulọrẹ́sẹ́ǹtì àtijọ́ ń mọ́, ó sì ń ṣú, nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn gílóòbù LED kan tí kò dára. Ṣọ́tà tó ń yára lè bá a níbi tó ti mọ́, ó sì lè bá a níbi tó ti ṣú, àwòrán mẹ́ta tí wọ́n yà léra wọn á wá ní àwọ̀ mẹ́ta. Ìdá kan nínú 100 yóò gba odindi mímọ́ kan, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ yóò tún fà. Àwọn kámẹ́rà kan, láti orí EOS 7D Mark II tí Canon gbé jáde lọ́dún 2014, ti lè dúró de ìgbà tí iná bá mọ́ jù kí wọ́n tó yàwòrán; síbẹ̀, ní Èkó tàbí Ìbàdàn, bí iná ìjọba bá lọ tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ìwọ̀n 50 yẹn lè máa tẹ̀lé eré ẹ́ńjìnì, kó sì máa lọ sókè sódò bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ti ń fa iná. Ó yẹ kí ayàwòrán dán kámẹ́rà rẹ̀ wò lábẹ́ iná méjèèjì, ní wákàtí kan náà tí kíláàsì yóò wáyé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé.

Ibi tí àríwísí gbọ́dọ̀ ti le jù ni awọ ara. Kámẹ́rà tí wọ́n fi sílẹ̀ kó ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀ máa ń gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun, tí wọ́n bá pò ó pọ̀, kò dúdú jù, kò sì funfun jù. Ògiri funfun àti dígí gbọ̀ngàn ìdárayá á tàn án jẹ, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú àwọn aláwọ̀ dúdú á sì rì. Ìṣòro yìí ní ìtàn: fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò láti fi díwọ̀n àwọ̀. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ yóò bẹ olùkọ́ kó dúró ní àárín gbọ̀ngàn, yóò wọn ìmọ́lẹ̀ lójú rẹ̀, yóò sì fọwọ́ ti ìwọ̀n náà pa kí kámẹ́rà má lè yí i padà. Nígbà náà ni òógùn tó kóra jọ sí ẹ̀bátí yóò gba ìmọ́lẹ̀ fèrèsé láti ẹ̀gbẹ́, tí yóò sì jẹ́ kí egungun ojú yọ. Fíláàṣì tí wọ́n tàn sójú gbangba kì í ṣe èyí. Ṣe ló ń sọ òógùn náà di àmì funfun, ó ń padà wá láti inú dígí, ó sì ń já ọkàn àwọn tó ń ṣe ìdárayá. Nípa dígí, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: kí ayàwòrán rìn yí gbọ̀ngàn ká nígbà tó ṣófo, kó sàmì sí ibi tí kò ti ní rí ara rẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀ tó kù ni ti àdéhùn, òun ni àwọn kan sì máa ń fi falẹ̀ jù. Aṣọ tó fún mọ́ra ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀ síbẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń na ẹsẹ̀, wọ́n sì wá pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nìkan ló ń rí wọn. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ohun tí wọ́n lè fi dá ènìyàn mọ̀ sí dátà onítọ̀hún, àwòrán ojú kò sì yọ sílẹ̀. Ìkéde tí wọ́n pariwo lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí orin ti ń dún kò tó gbígbàṣẹ. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n sọ ibi tí àwòrán ń lọ, kí wọ́n sì ya apá kan gbọ̀ngàn sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò fẹ́, níbi tí kámẹ́rà kò ní kọjú sí rárá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ yóò fò bó ṣe yẹ kó fò, ẹni tó ń fura yóò máa fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, kámẹ́rà yóò sì ká ìfura náà sílẹ̀.

Gbogbo èyí kò ṣeé ṣe láìjẹ́ pé ayàwòrán lo odindi kíláàsì kan níbẹ̀ ṣáájú. Kí àwọn tó ni gbọ̀ngàn ìdárayá fi owó ìbẹ̀wò yẹn sínú àdéhùn, kí ayàwòrán tí wọn kò bá sì gbà láyè láti wá wò ṣáájú má ṣe gba iṣẹ́ náà.