Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Àìsí Ìtàn nínú Àwọn Iṣẹ́ tó Jẹ Mọ́ Ẹ̀kọ́ Ìwà Yorùbá

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti yẹ díẹ̀ wò nínú àwọn iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ẹ̀kọ́ ìwà Yorùbá, kí a sì tọ́ka sí ohun kan tí ó ṣọ̀wọ́n nínú wọn. Ohun náà ni ìtàn. Ẹni tí ó bá kọ́ fìlọ́sọ́fì ìwà híhù lọ́dọ̀ àwọn ará Yúróòpù yóò rí i pé ìtàn ni wọ́n fi ń kọ́ni. Wọn a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Socrates, ẹni tí ilé ẹjọ́ Athens dá ẹjọ́ ikú fún ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù. Wọn a gba ọ̀dọ̀ Plato àti Aristotle kọjá títí dé ọ̀dọ̀ Kant ará Jámánì, tí ó sọ ní 1785 pé ojúṣe ni kí ènìyàn wò, kì í ṣe èrè. Wọn a sì dé ọ̀dọ̀ Mill, tí ó sọ ní 1861 pé ohun tí ó bá ń mú kí ìdùnnú pọ̀ sí i ni ó tọ́. Èrò ń ta ko èrò, ọjọ́ orí èrò kọ̀ọ̀kan sì hàn.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan Yorùbá, ìtàn a dáwọ́ dúró. "Yorùbá gbàgbọ́ pé" ni a óò máa kà, gbólóhùn tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ìlú, tí kò sì ní alátakò. Àfi bí ẹni pé Yorùbá kò jiyàn rí!

Ìdòwú (1962), nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, gbà pé ẹ̀sìn ni ó bí ìwà. Olódùmarè ni ó fi ẹ̀rí-ọkàn sínú ènìyàn. Gbádégẹṣin (1991) kò fara mọ́ èyí. Lójú tirẹ̀, ire ènìyàn àti ìrẹ́pọ̀ àwùjọ ni òṣùwọ̀n. Ẹ̀sìn lè ti ìwà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìlú Ìwó lè ràn wá lọ́wọ́ láti dá ẹjọ́ yìí. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ni ó jọ ń gbé níbẹ̀, inú agbolé kan náà ni wọ́n sì máa ń wà nígbà mìíràn. Bí ìdílé kan bá rán alárinà lọ ṣe ìwádìí kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, ìwà àwọn ará ibẹ̀ wà lára ohun tí yóò bèèrè, èsì tí yóò gbọ́ yóò sì yé e, ẹ̀sìn yòówù kí ẹni tí ó fún un lésì máa ṣe. Èyí gbe Gbádégẹṣin ju Ìdòwú lọ. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Yorùbá kan ṣoṣo ni ó ti wà láti ìwáṣẹ̀.

Ní èrò tiwa, iṣẹ́ Abímbọ́lá (1975) lórí ìwàpẹ̀lẹ́ ni ó jinlẹ̀ jù, nítorí pé inú èdè àti inú ẹsẹ Ifá ni ó ti mú ẹ̀rí jáde. Ó fi hàn pé láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe "wà" ni a ti ṣẹ̀dá "ìwà", tí ó fi jẹ́ pé wíwà àti híhùwà so pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan. Ó tún ṣàlàyé ìtàn Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà, ọmọ Sùúrù, tí nǹkan dojú rú fún ọkọ rẹ̀ nígbà tí ó fi ilé sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Aristotle lò fún ẹ̀kọ́ ìwà náà ní í ṣe pẹ̀lú ìhùwàsí, ṣùgbọ́n kò gbé wíwà pọ̀n bí tiwa.

Orúkọ bàbá Ìwà ni ó yẹ kí a dúró wò. Àwọn onímọ̀ kan ka "sùúrù" mọ́ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yá láti inú èdè Lárúbáwá, bíi "àlàáfíà" àti "wáàsí". Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àyálò ni ó di bàbá Ìwà nínú Ifá. Á jẹ́ pé àwọn babaláwo ń gbọ́ ohun tí aládùúgbò wọn ń wí, wọ́n ń gbà á, wọ́n sì ń tún un rò. Ní Ìwó, níbi tí Olúwòó Lamuye ti jẹ́ Mùsùlùmí lórí oyè ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Àìka ìtàn sí yìí kì í ṣe àléébù kékeré. Ọ̀rúndún kan náà ni ogun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sí Ìwó. Nígbà tí a kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ó kó o. Ẹni tí a ń pè ní ọmọlúàbí nígbà náà lè ní ẹrú àti ìwọ̀fà nílé, kí ojú má sì tì í. Lónìí, kò sí ẹni tí yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọmọlúàbí. Kí ni ó yí padà? Ta ni ó kọ́kọ́ sọ pé kò dára? Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ pé ọmọlúàbí kò yí padà rí kò lè bèèrè ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè bèèrè ohun tí ó yẹ kí á yí padà nísinsìnyí.

Hallen àti Ṣódípọ̀ (1986), tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣègùn lẹ́nu wò ní agbègbè Èkìtì, ṣàlàyé pé lójú àwọn àgbà wọ̀nyẹn, ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí ni ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni ìgbàgbọ́. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn "Yorùbá gbàgbọ́ pé" tí ó kún inú ìwé wa, àgbọ́sọ lásán ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Olúwọlé (2014), tí ó fi Socrates àti Ọ̀rúnmìlà wé ara wọn, ṣe gudugudu méje ní ti pé ó fi àríyànjiyàn hàn nínú Ifá. Ṣùgbọ́n ìfiwéra náà kò dọ́gba: a mọ àwọn tí ó pe Socrates lẹ́jọ́, a kò mọ ẹni tí ó bá babaláwo wo jiyàn. Inú wáàsí àwọn ààfáà Ìwó, ìwé àkọsílẹ̀ kóòtù ìbílẹ̀ àti ìrántí àwọn alárinà ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ àti ọdún, kí àwọn àgbà tí ó kù tó lọ.