"INÁ KÒ GBÉ E": ÀYẸ̀WÒ ÈDÈ ÀRÒKỌ KAN LÓRÍ ỌKỌ̀ ÒFUURUFÚ ÀFIṢERÉ

Ìfáárà

Àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan ní ìlú Ìlọrin ni ọmọ náà wà. Wọ́n ní kí oníkálùkù kọ àròkọ aṣàlàyé lórí iṣẹ́ kan tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ tiwọn lórí ìkòkò mímọ ní Dàda, lórí aṣọ òkè híhun, àti lórí bí a ti ń se gbẹ̀gìrì. Òun kọ tirẹ̀ lórí ọkọ̀ òfuurufú àfiṣeré, irú èyí tí ń fi bátìrì fò, tí a sì ń fi rédíò darí láti ilẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ti ń wádìí ohun tí ó ṣe ọkọ̀ náà nígbà tí ó bá ṣàdédé di aláìgbọràn lójú ọ̀run.

Àwa olùkọ́ méjì ni a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnìkejì mi fún un ní máàkì 8 nínú 20. Ó ní ọ̀rọ̀ àyálò pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ náà "iná" ti di àwítúnwí. Èmi fún un ní 15, nítorí ìpínrọ̀ kan tí ó dùn mọ́ mi létí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé àwa méjèèjì ni a ṣìnà. Ìdí tí a fi ṣìnà ni ó jẹ mí lógún níhìn-ín, nítorí pé ohun tí a ṣe fún ọmọ kan yìí, a lè máa ṣe é fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́dọọdún nígbà tí a bá jókòó ti ìwé ìdánwò.

Ohun tí ó lè ṣe ọkọ̀ náà

Kí a tó dá èdè lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí èdè náà ń sọ. Nínú ọkọ̀ kékeré yìí, bátìrì kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń bọ́ gbogbo ará ilé. Bátìrì lítíọ̀mù oníyàrá mẹ́ta tí a ti jáàjì yó a máa ní fólítì 12.6. Ẹ́ńjìnnì tí ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú ni ọ̀jẹun inú ilé náà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà láàrin tí ń díwọ̀n iná fún ẹ́ńjìnnì. Òun kan náà ni ó sábà máa ń bu nǹkan bíi fólítì 5 fún risífà, ìyẹn rédíò inú ọkọ̀ tí ń gba àṣẹ, àti fún àwọn ẹ̀rọ tí ń yí ìyẹ́ àti ìrù.

Bí ọkọ̀ bá kọ̀, ó kéré tán, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè fà á. Èkíní, bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ̀rọ adíwọ̀n sì dá ẹ́ńjìnnì dúró kí bátìrì má baà bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹ́ àti ìrù ṣì ń gbọ́ àṣẹ, a sì lè rọra mú un balẹ̀. Èkejì, bátìrì kò tán, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fólítì já wálẹ̀, èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ risífà kò tó o mọ́. Risífà dákú fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, kò sì sí ohun tí ó gbọ́ àṣẹ nínú ọkọ̀ náà. Ẹ̀kẹta, iná tó, àṣẹ ni kò dé. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ti jìnnà jù, tàbí pé wáyà antẹ́nà ti já, tàbí pé bátìrì dí antẹ́nà lójú. Ẹni tí ó dúró nílẹ̀ kò rí ju ohun kan lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọkọ̀ ń já bọ̀. Iṣẹ́ aláròkọ ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ náà "iná"

Ibí yìí ni àbùkù àròkọ náà wà. Ọmọ náà kọ "iná kò sí" fún èkíní, ó kọ ọ́ fún èkejì, ó sì tún kọ "iná kò wọlé" fún antẹ́nà tí ó já. Ẹnìkejì mi pe èyí ní àwítúnwí. Ní èrò tèmi, ọ̀rọ̀ náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwítúnwí a máa su ni, ṣùgbọ́n kì í ṣi ni lọ́nà. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé gbólóhùn wọ̀nyí yóò máa jáàjì bátìrì ní ọjọ́ tí antẹ́nà já. A jẹ́ pé ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ǹjẹ́ àbùkù èdè Yorùbá ni èyí bí? Lóòótọ́, "iná" ni a fi ń dáná, "iná" ni a tàn sínú yàrá, "iná" náà ni ó wà nínú wáyà. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ará Ìlọrin nínú ilé rẹ̀. NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 yí orúkọ padà ní 2005, síbẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó kọ́ wa kò tí ì kúrò lẹ́nu wa. Bí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, a ní "iná lọ". Bí ilé kan ṣoṣo bá ṣókùnkùn láàrin àwọn tí ó mọ́lẹ̀, a ní "wáyà wa já". Ṣùgbọ́n bí gílóòbù bá pọ́n bí ẹyìn, tí fáànù ń yí bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, kò sí ẹni tí yóò sọ pé iná lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé "iná kò gbé e".

Gbólóhùn ẹlẹ́nu kúkúrú yìí ni ó ṣàlàyé ohun kejì tí a kà sókè yìí pátápátá. Iná wà, kò gbé risífà ni. Ọ̀rọ̀ náà wà nílé àwọn ọmọ náà láti kékeré, ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́, ó sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò. Kí ni ó fà á? Àwa ni a kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé.

"Asọ̀rọ̀mágbèsì"

Ó wá kan èmi alára. Ìpínrọ̀ tí mo torí rẹ̀ fún ọmọ náà ní 15 ni ibi tí ó ti pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, tí ó sì ń kì í bí ẹni ń ki ọba. Orúkọ tí ó dára ni, ó sì bá rédíò inú pálọ̀ mu rẹ́gí, nítorí pé a ń gbọ́ tirẹ̀, kò lè gbọ́ tiwa. Ibi tí olùgbọ́ jókòó sí ni ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ wà.

Ṣùgbọ́n méjì ni rédíò tí ó wà nínú ọ̀ràn ọkọ̀ yìí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tí ń darí, ó ń pàṣẹ. Èkejì wà nínú ọkọ̀, ó ń gba àṣẹ. Nígbà tí ọmọ náà kọ ọ́ pé asọ̀rọ̀mágbèsì ti bàjẹ́, èwo ni kí a tú wò? Yàtọ̀ sí èyí, àwọn rédíò ayé òde òní kan tí ń lo ìgbì 2.4 GHz a máa gba èsì. Ọkọ̀ ń ti òkè sọ iye fólítì tí ó kù fún ẹni tí ó dúró nílẹ̀. Irú rédíò bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ó pè ní amágbèsì. Bí ọmọ náà bá ti kọ "rédíò ọwọ́" àti "rédíò inú ọkọ̀", ìbá ti tó, kò sì sí akáwèé tí kò ní yé. Ẹwà ni mo san máàkì fún, níbi tí ìyàtọ̀ ti ṣọnù.

Ibi tí àròkọ náà ti lágbára

Ìpínrọ̀ tí ó kẹ́yìn ni àwa méjèèjì fi ojú fò, nítorí pé kò ní òwe, kò ní àpèjúwe. Nínú rẹ̀ ni ọmọ náà ti ní kí a kọ́kọ́ yọ abẹ̀bẹ̀ iwájú kúrò, kí ó má baà ge ẹnikẹ́ni. Ó ní kí a fi rédíò ọwọ́ sí agbára kékeré tí a fi ń dán ìjìnnà wò, kí a rìn jìnnà, kí a máa yí ìrù, kí ẹlòmíràn máa wò ó. Bí ìrù bá kọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, a jẹ́ pé ọ̀ràn rédíò tàbí antẹ́nà ni. Bí ó bá ń gbọ́ nígbà náà, tí ó wá kọ̀ kìkì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ìhà ẹ́ńjìnnì àti iná ni kí a yà sí. Ó ní kí a wá fún risífà ní bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí àìsàn náà bá lọ, a ti mú olè.

Èyí ni àròkọ aṣàlàyé. Ẹ wo iṣẹ́ tí "bí... bá... a jẹ́ pé" ṣe níbẹ̀: ó ń ti ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn òmíràn títí tí ó fi ku ẹyọ kan. Ọgbọ́n ẹni tí ń ra ìkòkò ni. A kan ìkòkò lára, a gbọ́ ìró rẹ̀, a mọ̀ bóyá ó sán.

Àléébù kan ṣì wà níbẹ̀, ti ìmọ̀ ni, kì í ṣe ti èdè. Ẹ́ńjìnnì tí a ti yọ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò ru ẹrù, kò sì ní fa iná tó èyí tí ó ń fà lójú ọ̀run. Àyẹ̀wò ọmọ náà lè sọ pé ara ọkọ̀ yá nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Ó yẹ kí ó fi kún un pé, lẹ́yìn èyí, kí a dá abẹ̀bẹ̀ padà, kí a so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in gbọn-in, kí gbogbo ènìyàn bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí a sì wọn fólítì tí ó ń dé ọ̀dọ̀ risífà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Bátìrì tí ó yó nígbà ìsinmi lè má lè ru ẹrù. Irú àléébù yìí ni ó yẹ kí ó gé máàkì, òun kọ́ ni a sì gé e fún.

Ọ̀rọ̀ àyálò ńkọ́?

Mi ò kóyán ọ̀rọ̀ ìperí kéré. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìkejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ṣe wá láǹfààní púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìkọ́ni, nítorí pé àwọn olùkọ́ jọ fohùn ṣọ̀kan lé wọn lórí ni. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ dá nìkan ṣẹ̀dá lórí ìjókòó ìdánwò kò ní irú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀. Bátìrì, wáyà àti antẹ́nà ti di ọmọ ilé; bí a bá gé máàkì nítorí wọn, ohun tí a ń kọ́ ọmọ ni pé kí ó fi ohun tí ó mọ̀ pamọ́. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó yẹ kí a yẹra fún ni èyí tí ó ń da ọ̀rọ̀ rú. "Mọ́tò" jẹ́ ọ̀kan, nítorí pé ọkọ̀ orí ilẹ̀ ni ó ti jẹ́ fún wa. "Ẹ́ńjìnnì" tí ọmọ náà lò sàn jù ú lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Lójú mi nísinsin yìí, 12 ni àròkọ náà yẹ: 8 ti ẹnìkejì mi rẹ ọmọ náà jẹ, 15 tèmi sì tàn án. Mo bẹ ẹ̀yin akáwèé pé, bí irú àròkọ báyìí bá tún kàn wá, kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí a tó ka ọ̀rọ̀ àyálò inú rẹ̀. Ǹjẹ́ ó pe ohun méjì ní orúkọ kan? Ǹjẹ́ àyẹ̀wò tí ó là sílẹ̀ lè ya okùnfà kan kúrò lára òmíràn? Bí a bá gbé ìwé náà fún alátùn-únṣe rédíò kan ní Ìlọrin, ṣé yóò mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn? Bí ìdáhùn bá dára, kí a fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí kò bá dára, kí a sọ ibi tí ó ti já fún un, nítorí pé máàkì tí kò ní àlàyé kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí ó já bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó ṣe é.