Olú Kọ́ Ni Gbogbo Fọ́ńgáì: Àríwísí lórí Ọ̀rọ̀ Kan nínú Ẹ̀kọ́ Bàọ́lọ́jì

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ lára láti máa pe fọ́ńgáì ní olú nígbà tí a bá ń fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Ìwé ìdánwò kan tí mo tún yẹ̀ wò ni ó là mí lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ pé ìwúkàrà kì í ṣe olú; ẹni tí ó máàkì í fún un ní òdo. Ọmọ náà ni ó jàre.

Ohun tí à ń ká lórí ọ̀gán àti lára igi jíjẹrà, tí a sì ń fi se ọbẹ̀, ni Yorùbá ń pè ní olú. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wà ní àwùjọ Basidiomycota. Ìwúkàrà tí ó ń mú ẹmu hó wà ní Ascomycota, ibẹ̀ náà sì ni ohun tí ń fa làpálàpá wà. Ta ni yóò sọ pé olú hù sí ọmọ òun lórí? Ọ̀rọ̀ wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kó gbogbo wọn pọ̀ ni kò sí. Kì í ṣe àbùkù èdè wa. Kí Whittaker tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ní 1969, ọ̀pọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń kà wọ́n mọ́ ewéko. Ẹ jẹ́ kí a yá fọ́ńgáì lò, kí a fi olú sílẹ̀ fún olú.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí ó yẹ kí a yọ kúrò nínú nóòtì wa: àrùn tí ń sọ kòkó di dúdú lórí igi. Phytophthora tí ń fà á kì í ṣe fọ́ńgáì lójú àwọn onímọ̀ òde òní. Sẹ́lúlóòsì ni ó wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, bí i ti ewéko. Káítìnì, irú èyí tí ó wà lára èèpo kòkòrò, ni ti fọ́ńgáì.

Láíkìn ni ó le jù. Mo ti rí i nínú nóòtì kan pé “olú ara àpáta” ni. Rárá o. Láti 1867 ni Schwendener ti sọ pé ẹ̀dá méjì ni ó ń gbé pọ̀ níbẹ̀: ewé-omi tíntìnní ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ, fọ́ńgáì sì ń fún un ní ibùgbé. Àjọgbé ni mo ń pè é ní kíláàsì tèmi. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó fi ránṣẹ́ sí olóòtú kí ìdánwò tí ń bọ̀ tó dé.