Ta ni kò lè pa á rẹ́? Àríwísí lórí ọ̀rọ̀ kan nípa blockchain

Ní 2018, Roman Matzutt àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aachen àti Frankfurt, ní Jámánì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó tí àwọn ènìyàn kó sínú blockchain ti Bitcoin. Wọ́n rí fáìlì tó lé ní 1,600. Nínú wọn ni àkọsílẹ̀ méjì wà tó kó líǹkì 274 jọ, tó ń tọ́ka sí àwòrán ìbálòpọ̀ tí wọ́n fi ọmọdé ṣe. N kò bá ìwádìí náà jà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń parí irú ẹjọ́ yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Lédè Faransé, a ó kọ immuable, a ó sì kà á bí ineffaçable. Ní Yorùbá, a ó ní "àìlèparẹ́".

Pa…rẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là. Nínú "Adé pa orúkọ náà rẹ́", olùwà ló ṣiṣẹ́. Nínú "Orúkọ náà parẹ́", a kò dárúkọ ẹni tó ṣe é. Bí a bá fi àfòmọ́ àì- sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, olùwà ti sọnù: ṣé nǹkan náà kò lè parẹ́ fúnra rẹ̀ ni, àbí kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́?

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ló ní ẹ̀dà Bitcoin. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan gbé àmì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá yí lẹ́tà kan padà, àmì tirẹ̀ kò ní bá ti àwọn yòókù mu, wọn yóò sì kọ̀ ọ́. Ìyípadà ni èyí dènà. Láti 2015, Bitcoin Core fàyè gba ẹni tó bá fẹ́ láti ju búlọ́ọ̀kù àtijọ́ nù lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Lóòótọ́, ẹ̀dà ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Code du numérique ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òfin 2017-20 tó jáde ní 2018, fi ìyà sí níní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí níní láìsí ẹni tó ní. Nítorí náà, mo dábàá pé kí a má kọ "àìlèparẹ́" sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ báyìí: "àwọn tó ní ẹ̀dà rẹ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan láti jù ú nù." Ó gùn, ṣùgbọ́n òbí ọmọ tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ yóò mọ ẹni tí òun lè bi léèrè.