Lee Elder àti Ìtàn Ọjọ́ Kan

Gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré tí ọmọ ń bá dàgbà ní Yoko. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni àwọn ọmọ wa mọ̀. Síbẹ̀, ìtàn agbágọ́ọ̀fù kan wà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn yìí, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kàn wá ju eré náà fúnra rẹ̀ lọ. Ìtàn Lee Elder ni, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, lẹ́ni ọdún 87.

Ẹni tí ó bá ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ nígbà tí ó kú, ìbáà jẹ́ ní Faransé tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kan náà ni yóò máa bá pàdé: ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó kópa nínú Masters, ìdíje ńlá tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1975 ni. Òótọ́ ni, ohun ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà tí ó kéré jù ni ó ń borí. Elder gbá a ní ìgbà 74 lọ́jọ́ kìíní, ìgbà 78 lọ́jọ́ kejì, kò sì lè bá wọn dé ìparí ìdíje náà. Ọjọ́ tí ayé yàn láti máa fi rántí òṣìṣẹ́ yìí kì í ṣe ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ibẹ̀ ni àríwísí wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Dallas ni wọ́n bí i, ní ọdún 1934. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí ogun pa bàbá rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ìyá rẹ̀ náà fi kú. Ó ń ru àpò ọ̀pá fún àwọn olówó lórí pápá gọ́ọ̀fù, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ eré náà. Kò parí ilé-ìwé girama. Títí di oṣù kọkànlá ọdún 1961, òfin ẹgbẹ́ àwọn agbágọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà, PGA, sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè wọ ẹgbẹ́ náà. Nítorí náà, inú ìdíje tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ fún ara wọn ni Elder ti kọ́kọ́ lókìkí. Ọdún 1967 ni ó tó gba àyè láàárín àwọn ti PGA. Ó gba ife mẹ́rin níbẹ̀, ó sì ṣojú Amẹ́ríkà nínú Ryder Cup ti ọdún 1979.

Ohun kan wà láàárín tí àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń fò. Ní ọdún 1971, Gary Player, agbágọ́ọ̀fù aláwọ̀ funfun ará Gúúsù Áfíríkà, pè é wá díje ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí oyè. Elder kò gbà àfi ìgbà tí wọ́n ṣèlérí pé wọn kò ní ya òun tàbí àwọn òǹwòran sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀. Ní ọdún kan náà, ó borí nínú Nigerian Open. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà kò tíì parí ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ nígbà náà. Lórí ọ̀pọ̀ pápá ilẹ̀ wa láyé ìgbà yẹn, kì í ṣe koríko ni ó yí ihò ká, bí kò ṣe iyanrìn tí wọ́n fi epo pò; bọ́ọ̀lù kì í yí lórí rẹ̀ bí ó ṣe ń yí lórí koríko. Àlejò tí ó bá borí lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ní láti tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́.

Ẹ kíyè sí ọdún náà. Ọdún 1974 ni ó kọ́kọ́ gba ife nínú ìdíje PGA. Kí àwọn àgbà ìdíje Amẹ́ríkà tó fún un ní ife kan ṣoṣo, Nàìjíríà ti fún un, orílẹ̀-èdè tí a ń gba Igolo àti Ìdí-Ìrókò wọ̀. Bí àwa pàápàá kò bá rántí èyí, ta ni a fẹ́ kí ó bá wa rántí rẹ̀?

Nínú àṣà wa, ẹni tí ó ń ki ènìyàn kì í so gbogbo ayé rẹ̀ mọ́ ọjọ́ kan. Oríkì a máa dárúkọ bàbá àti ìyá, ìlú tí ènìyàn ti jáde, ìlú tí ó ti ṣẹ́gun, àní àléébù rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sọ pé «ẹni àkọ́kọ́», ilẹ̀kùn ni ó ń kì, kì í ṣe ẹni tí ó gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ náà tún ń bo àṣìṣe onílé mọ́lẹ̀. Charlie Sifford, aláwọ̀ dúdú bíi ti Elder, gba ife PGA ní ọdún 1967 àti 1969. Augusta kò pè é. Títí di ọdún 1982, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo àwọn tí ń ru àpò nínú Masters. Nítorí náà, àwọn ènìyàn wa ti wà lórí koríko yẹn tipẹ́tipẹ́. Ọ̀pá ni wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbá.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé Elder fúnra rẹ̀ ka ọjọ́ náà sí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé méjì ni ó háyà ní Augusta nítorí ìhàlẹ̀ ikú. Ó padà síbẹ̀ ní 1997 láti wo bí Tiger Woods ṣe borí, àti ní oṣù kẹrin ọdún 2021, tòun ti ẹ̀rọ amúnimí, láti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣí ìdíje náà. A kò bu ọlá yẹn kù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí ó bá di dandan kí a mú ọjọ́ kan, ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1974 ni àwa yóò mú, ní Pensacola, ní ìpínlẹ̀ Florida. Lórí pápá yẹn ni wọn kò ti jẹ́ kí òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú yòókù wọ ilé ẹgbẹ́ ní ọdún mélòó kan ṣáájú, tí wọ́n fi pààrọ̀ aṣọ níbi ìgbọ́kọ̀sí. Ibẹ̀ náà ni ó ti gba ife PGA àkọ́kọ́ rẹ̀, ife tí ó sọ ọ́ di ẹni tí Augusta gbọ́dọ̀ pè. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ṣe é.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ni a ń bá sọ̀rọ̀ jù. Lọ́la, ẹ óò kọ ìtàn àwọn tí ó ti Yoko, Sakété tàbí Pobè jáde lọ sí Cotonou, Èkó tàbí Paris. Ọ̀rọ̀ náà «le premier» yóò wá sí yín lẹ́nu ní Faransé kí ẹ tó ronú. Ẹ kọ ọ́ bí ó bá jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi síwájú, ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe àti bí ó ṣe ṣe é, kí ẹ sì wò ó bóyá ìlú kan wà tí ẹ ti gbàgbé.