Ijó Àjọkọ́

Tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi gígùn, lẹ́sìnnì ìṣirò ni ọ̀pọ̀ òbí ní Ore àti Odigbo máa ń wá fọ́mọ. Ó dáa. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú kíláàsì ijó híp-họ́ọ̀pù náà. Ẹnikẹ́ni kì í dá a kọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ á máa kà á láti ení dé ẹ̀jọ, gbogbo ẹsẹ̀ á sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó yára á dúró de ẹni tó lọ́ra. Bí ẹnì kan bá ṣì í, gbogbo wọn á tún un jó látìbẹ̀rẹ̀, tòógùn-tòógùn, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Bronx ní New York ni híp-họ́ọ̀pù ti ṣẹ̀, níbi àríyá tí DJ Kool Herc, ọmọ Jàmáíkà, ti lu àwo orin ní 1973. (Àwa tá a ni bàtà àti dùndún, kí ló fẹ́ ṣàjèjì sí wa níbẹ̀?) Ní Ìkòròdú, Ṣèyí Olúyọ̀lé kó ọmọ jọ sínú ẹgbẹ́ oníjó Dream Catchers; ẹni tó bá fẹ́ jó gbọ́dọ̀ lọ sílé-ìwé. Ní 2018, gbajúmọ̀ olórin Rihanna pín fídíò wọn fáyé rí.

Ẹ̀yin alákòóso ilé-ìwé ní Ore, kíláàsì yín ṣófo lóṣù Kẹjọ. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ijó rí i lò.